Ẹ̀yìn ọmọ tó wọ́ kọjá 100 dígírì: ewu wo ló wà nínú iṣẹ́ abẹ rẹ̀, kí la sì lè ṣe sí i kí ọjọ́ abẹ tó pé?

Físíò Ìkẹ̀rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè yìí wà fún àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn dáadáa láàárín yín.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 ni, kílò 35 ló wọ̀n. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún níbi àyà. Lórí X-ray ìdúró, igun Cobb rẹ̀ (ìwọ̀n bí ẹ̀yìn ṣe wọ́ tó) jẹ́ 112 dígírì. Nígbà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣì ku 94, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn náà ti le. Iké tó bá a rìn jẹ́ 85 dígírì. Nígbà tó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, èémí rẹ̀ jẹ́ 46 nínú 100 ohun tó yẹ kó jẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì lágbára, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá fi òòlù kan orúnkún rẹ̀, tòsì ń ta fìrì ju tọ̀tún lọ. A ò tíì ṣe MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà).

Ọ̀rọ̀ méjì tó ń takora ni àwọn òbí rẹ̀ ti gbọ́. Ẹnì kan ní dandan ni kí ọmọ yarọ tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹlòmíì ní ẹ̀yìn yóò tọ́ bí ọ̀pá. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Kí ni àwọn ewu náà gan-an, èwo ló wọ́pọ̀, èwo la lè dín kù ṣáájú?

Dókítà Eegun

Ẹ kú ìtọ́jú, físíò wa. Orúnkún òsì tó ń ta yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, òun ló kọ mí lóminú jù, ó ju 112 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ abẹ fún ọmọ yẹn láìṣe MRI gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ìdí agbárí dé ìsàlẹ̀ ìbàdí. Ohun mẹ́ta là ń wá níbẹ̀: ihò olómi nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn (okùn iṣan tó ti ọpọlọ gba inú ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀), mùdùnmúdùn tí ìdí rẹ̀ so mọ́lẹ̀ tí kò lè yọ̀ lọ sókè, àti eegun tàbí awọ tó là á sí méjì. Bí ìdí rẹ̀ bá so mọ́lẹ̀ tí a wá na ẹ̀yìn, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ ṣì wà lára èèkàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ tú u, kí ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin tó wáyé. Tí àwòrán bá sì fi hàn pé eegun ẹ̀yìn kan kò pé láti inú oyún, kí wọ́n wo kíndìnrín àti ọkàn pẹ̀lú, nítorí àsìkò kan náà ni gbogbo wọn ń dá nínú oyún, àbùkù wọn sì máa ń bára wọn rìn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àrọ. Ẹni tó ní dandan ni kò sọ òótọ́, ẹni tó bá sì ní kò lè ṣẹlẹ̀ kò sọ òótọ́ bákan náà. Fún ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ níwọ̀n 50 sí 70 dígírì, tó ṣì ń tẹ̀, ewu kí iṣan ẹsẹ̀ bàjẹ́ wà ní àyíká 1 nínú 100. Ọmọ tiyín kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ìwádìí kan wà lórí ọmọdé 147 tí wọ́n yọ odindi eegun ẹ̀yìn kúrò lára wọn nítorí ẹ̀yìn tó wọ́ burúkú: bí 27 nínú 100 ni ẹ̀rọ ìṣọ́ iṣan kígbe fún, tàbí tí wọn kò lè mi ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n jí wọn lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yarọ pátápátá títí ayé. Ní ti àgbàlagbà, ìwádìí Scoli-RISK-1 tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 15 rí i pé agbára ẹsẹ̀ ẹni bíi 22 nínú 100 dín kù lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní ọsibítù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ku bí 11. Ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyí han àwọn òbí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé àárẹ̀ ẹsẹ̀ àti àrọ kì í ṣe ohun kan náà.

Kí ló ń fa á? Ẹ fojú inú wo ibi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ jù. Mùdùnmúdùn kì í dúró sí àárín ihò rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti rọ́ lọ fara ti eegun ní ìhà inú. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ níbẹ̀ tín-ín-rín. Nígbà tí a bá na ẹ̀yìn, a na mùdùnmúdùn, a sì na òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ bá lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ebi ẹ̀jẹ̀ pa á. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣan fi ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀bẹ tàbí síkúrù kàn wọ́n rárá. Síkúrù náà ní ewu tirẹ̀. Ní ìhà inú ibi tó tẹ̀, ọrùn eegun tí síkúrù máa gbà wọlé lè má tó 4 mìlímítà ní fífẹ̀, síkúrù náà sì lè jẹ́ 4.5 tàbí 5. Tó bá yà sínú, mùdùnmúdùn ló wà níbẹ̀. Tó bá yà síta lápá òsì, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn wá ló wà níbẹ̀. CT (àwòrán eegun ní ìpele-ìpele) ṣáájú iṣẹ́ ló ń jẹ́ kí a mọ eegun tí a ó fò, tí a kò ní ki síkúrù sí rárá.

Bí a ṣe ń gé e náà ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ oríkèé ẹ̀yìn nìkan la gé, ojú kọ̀ọ̀kan ń fún wa ní bíi 10 dígírì. Tí a bá gé eegun bí ẹni gé ẹ̀là iṣu kúrò, bíi 30. Tí a bá yọ odindi eegun kan, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ọ̀pá ẹ̀yìn já sí méjì lórí tábìlì, ọ̀pá irin ìgbà díẹ̀ nìkan ló dì í mú. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, tàbí tí a bá fún un pọ̀ jù tí mùdùnmúdùn ká kọ́ bíi rọ́bà omi, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ ni pé ewu ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lépa kí ẹ̀yìn tọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ kí 112 di 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣe ọjà. Tó bá di 55 tàbí 60, tí orí dúró sí àárín ìbàdí, tí èjìká dọ́gba, tí ẹ̀dọ̀fóró ráyè mí, iṣẹ́ ti parí. Tí dókítà bá ṣèlérí fún wọn pé yóò tọ́ bí ọ̀pá, kí wọ́n béèrè ẹnu ẹlòmíì.

Kí a fi í sílẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀yìn tó ti kọjá 50 kì í dúró nígbà tí ìdàgbà bá parí; ó máa ń fi bíi dígírì kan kún un lọ́dún. Èyí tó bá kọjá 100 ń fún ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ọkàn apá ọ̀tún yóò fi rẹ̀.

Olùṣọ́ Oorun

Iṣẹ́ mi ni kí n kun aláìsàn lóorun kí n sì jí i padà, nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Èémí 46 kò ní ká má ṣe iṣẹ́ náà. Tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 40, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà èémí pẹ́ lọ́nà ọ̀fun lẹ́yìn abẹ, kí òtútù àyà sì tẹ̀ lé e. Bí 46 ṣe wà yìí, ẹ má ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ á máa sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọsibítù tí ICU rẹ̀ (yàrá ìtọ́jú àkànṣe) ní ẹ̀rọ èémí àti iná tí kì í kú. Ẹ béèrè fún echo ọkàn (àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) pẹ̀lú. Ó ṣe pàtàkì ká mọ̀ bóyá ìfúnpá ti pọ̀ nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn: kílò 35 lọ́nà 70 mílílítà jẹ́ 2,450. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ yẹn kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ. Iṣẹ́ tó tóbi báyìí lè gba lítà kan sí lítà kan ààbọ̀, ìyẹn ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Páíǹtì mẹ́rin sí mẹ́fà tí wọ́n ti fi bá tirẹ̀ mu gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì báǹkì ẹ̀jẹ̀ kí a tó fi ọ̀bẹ kàn án, kì í ṣe pé bàbá ń sáré wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù kù. Èkíní ni tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró: ọ̀pọ̀ ń lo 30 mìlígíráàmù fún kílò kan ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 10 fún kílò kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àwọn ibòmíì ń lo iye tó kéré sí i. Èkejì ni bí ó ṣe dojú bolẹ̀: ikùn gbọ́dọ̀ so rọ̀ láìfara kan tábìlì, nítorí tí nǹkan bá tẹ ikùn, ẹ̀jẹ̀ á kún òpó tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, yóò sì máa ya níbi tí wọ́n ti ń gé. Ẹ̀kẹta ni ìgbóná ara. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí òtútù mú kì í tètè dì. Kí wọ́n sì mọ jẹ́nótáìpù ọmọ náà. Tó bá jẹ́ SS, a ó gbé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (hemoglobin) dé 10 ṣáájú, òtútù àti òùngbẹ kò sì gbọ́dọ̀ kàn án rárá.

Ẹ̀rọ ìṣọ́ iṣan ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sí awọ orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ a máa rán iná kékeré láti orí lọ sí ẹsẹ̀ àti láti ẹsẹ̀ padà sórí. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́dọ̀ lo atẹ́gùn oorun púpọ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi oògùn arọ-iṣan sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Propofol (oògùn oorun) àti oògùn ìrora tó ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé la ń lò. Tí àmì tó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sórí bá dín kù dé ìdajì, tàbí tí èyí tó ń ti orí lọ sí ẹsẹ̀ bá pòórá, gbogbo tíátà a dákẹ́. Mo máa gbé ìpíndọ́gba ẹ̀jẹ̀ ríru sókè kọjá 85, mo máa wo atẹ́gùn, ìgbóná ara àti iye ẹ̀jẹ̀, mo máa wò bóyá wáyà ló já. Nígbà yẹn, oníṣẹ́ abẹ á tú ohun tó ṣe kẹ́yìn: tó bá jẹ́ pé ó na ẹ̀yìn, á dá a padà, tó bá jẹ́ síkúrù, á yọ ọ́.

Tí kò bá padà, a ó jí ọmọ lórí tábìlì. Àyẹ̀wò yìí ni Stagnara àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé kọ jáde ní 1973, ó sì ṣì wúlò, pàápàá níbi tí kò sí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin físíò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí gan-an. Ẹ fi kọ́ ọmọ náà ṣáájú, ní ẹ̀ka èdè Ìkẹ̀rẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá a sọ nílé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì: kó kọ́kọ́ fún ọwọ́ yín, kí ó tó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọwọ́ ló máa ń ṣáájú, torí tó bá fún ọwọ́ tí kò sì mi ẹsẹ̀, a mọ̀ pé ó gbọ́, ẹsẹ̀ ni kò gbọ́. Ẹ sọ fún un pé rọ́bà á wà lẹ́nu òun, òun ò ní lè sọ̀rọ̀, kò sì ní dun òun. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún lè ta gìrì, kó húkọ́, kó fa rọ́bà yọ nígbà tó dojú bolẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ewu kan kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó burú: ojú lè fọ́. Iṣẹ́ tó kọjá wákàtí mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tó dànù púpọ̀, orí tó wà nísàlẹ̀ ju ọkàn lọ, àwọn ló ń fà á. Orí gbọ́dọ̀ ga díẹ̀, nǹkan kan ò sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹyinjú.

Físíò Ìkẹ̀rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin dókítà. MRI la ó kọ́kọ́ ṣe. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń so irin mọ́ orí àwọn ọmọ báyìí, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n (ohun tó wúwo tí wọ́n so kọ́) fà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú abẹ. Ṣé ìyẹn kò ní ewu tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun

Ó ní, ṣùgbọ́n ewu tí èèyàn ń rí bọ̀ ni, ìyẹn ló fi dára. Ọmọ wà lójúfò. Tí iṣan bá fẹ́ bàjẹ́, ọmọ á sọ fún ẹ, ẹ̀yin náà á sì rí i lára rẹ̀, ẹ ó yọ òṣùwọ̀n kúrò. Lórí tábìlì kò lè sọ nǹkan kan.

Òrùka irin ni wọ́n ń fi yí orí ká, pẹ̀lú píìnì mẹ́fà sí mẹ́jọ tí wọ́n dè mọ́ eegun agbárí. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn lókè, òṣùwọ̀n á máa fà á, ìwúwo ara ọmọ fúnra rẹ̀ á sì máa fa ẹ̀yìn sísàlẹ̀. Fún kílò 35, a máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kílò 2 tàbí 3, a ó máa fi bíi kílò kan kún un lójúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì, títí yóò fi dé ìdá mẹ́ta sí ìdajì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn kílò 12 sí 17. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kéré jù; ẹ̀yìn tó le gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí méjìlá. Lọ́sàn-án, á wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tàbí nínú férémù ìrìn, á máa rìn. Lóru, a dín òṣùwọ̀n kù, a gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kó má baà yọ́ lọ síbi okùn.

Ní gbogbo àárọ̀, ní gbogbo ọ̀sán, ní gbogbo alẹ́, ohun kan náà là ń yẹ̀ wò: kó fojú tẹ̀lé ìka mi sí ọ̀tún àti òsì, nítorí iṣan tó ń yí ojú síta ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà, kó yọ ahọ́n kí n wò bóyá ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fún ọwọ́ mi, kó gbé ìka ẹsẹ̀, kí n ta ọrùn ẹsẹ̀ sókè bóyá á máa gbọ̀n pìpìpì. Tó bá sọ pé òun ń rí nǹkan ní méjì-méjì tàbí pé ọwọ́ ń kú, òṣùwọ̀n á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ká tó pe dókítà. Ojú píìnì, omi iyọ̀ ọsibítù la fi ń nù ún lójoojúmọ́. Tí píìnì bá tú, ọmọ á ní orí ń ta òun níbì kan ṣoṣo, ojú píìnì náà á sì máa rin. Ẹ má jẹ́ kí ẹbí kan wá fi òróró tàbí ewé sí i.

Àǹfààní kejì ni oúnjẹ àti èémí. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn la fi ń bọ́ ọmọ. Iyán ìlú wa dára, ṣùgbọ́n iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ẹja tàbí ẹran tó tó kì í di ojú ọgbẹ́. Ẹyin méjì lójúmọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀pà, wàrà. Kí albumin rẹ̀ (èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀jẹ̀) lé ní 3.5 kó tó wọ tíátà. Ọmọ tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà ni ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń kẹ̀. Kó sì máa fa èémí jinlẹ̀ sínú, ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá wà lójúfò.

Dókítà Eegun

Mo fara mọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Kí n kàn fi kún un pé a kì í fa ẹni tí ihò ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fún, tàbí tí ọrùn rẹ̀ kò dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni fífà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní fún iké kúkúrú tó mú ṣóńṣó. Ọsibítù FOCOS ní Accra, ní Ghana, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oheneba Boachie-Adjei dá sílẹ̀, ti fi ọ̀nà yìí tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Tí ẹ bá lọ sí Ìgbóbì (ọsibítù eegun ní Èkó) tàbí UCH (ní Ìbàdàn), ohun tí ẹ máa béèrè ni pé: ṣé ẹ ń fa orí ṣáájú? Ṣé ẹ̀rọ ìṣọ́ iṣan wà, ta ni ó sì ń kà á? Irú ẹ̀yìn báyìí mélòó lẹ ti ṣe, mélòó nínú wọn ló ní kí ẹ tún padà wọ tíátà?

Ará Ọ̀mùò

Ẹ kú ìjíròrò o. Iké tí ikọ́ ife fà ńkọ́? Ọ̀kan wà ládùúgbò wa, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó lo oògùn tán, iké náà mú ṣóńṣó, àwọn kan sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀yìn.

Dókítà Eegun

Ẹ bá mi dá wọn dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn yẹn, kò sì gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Ibi tí TB (ikọ́ ife) ti jẹ eegun, mùdùnmúdùn ti na lé orí eegun tó ṣóńṣó bí okùn tó na lé orí àpáta. Àtẹ̀mọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lè já a.

Irú èyí ni ewu àrọ pọ̀ sí jù nínú gbogbo ẹ̀yìn wíwọ́, nítorí ojú kan ṣoṣo ló ti tẹ̀ gbogbo títẹ̀ rẹ̀. Ó sábà máa ń gba kí wọ́n yọ eegun kúrò. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé àrùn náà ti kú: ESR (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá àrùn ṣì ń jà nínú ara), MRI, àti GeneXpert (àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò TB) lórí ohun tí wọ́n bá rí fà. Ti eegun, oògùn oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́wàá, ló sábà máa ń jẹ́. Ó sábà máa ń gùn ju oṣù mẹ́fà ti ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ béèrè iye oṣù tó lò. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń wúwo tàbí tó ń kọsẹ̀, kó má dúró de ọjọ́ kan sí i, kó lọ sí ọsibítù ìkọ́ni ní Ìdó-Èkìtì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn abẹ, nítorí ibẹ̀ ni ẹbí ti ń dá nìkan wà.

Wákàtí 72 àkọ́kọ́ ló le jù. Iṣan lè bàjẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti jí tó sì ti mi ẹsẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ní gbogbo wákàtí ní ọjọ́ kìíní, a ń ní kó mi ìka ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọ́dọ̀ já wálẹ̀. Tí ìyá bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń wúwo tàbí ó kú tipiri, kó pariwo, kì í ṣe kó máa fi òróró pa á. Ìtọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mílílítà 17 ní wákàtí kan fún ìwúwo rẹ̀. Tí a bá fẹ́ yí i padà, ẹni mẹ́ta ni, èjìká àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà bí igi tí a yí, wákàtí méjì méjì.

Èébì. Ọjọ́ kìíní, èébì kì í ṣe nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, tó wá ń bì aláwọ̀ ewé ní ọjọ́ kẹta títí dé ọjọ́ kẹwàá, tí ikùn òkè ń wú, ẹ má pè é ní ibà. Nígbà tí ẹ̀yìn gùn, òpó ẹ̀jẹ̀ ikùn tẹ ìfun mọ́lẹ̀, oúnjẹ ò lè kọjá. Rọ́bà imú la ó fi fa inú rẹ̀, a ó fi í sùn ní ẹ̀gbẹ́ òsì, a ó wá ọ̀nà bọ́ ọ kọjá ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í nílò abẹ mìíràn, tí a bá tètè rí i.

Ọgbẹ́. Cefazolin (oògùn apakòkòrò), bíi gíráàmù kan fún ìwúwo yìí, gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí kan ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí wọ́n sì tún un ṣe ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin bí iṣẹ́ bá ń lọ. Àkóràn máa ń bá 1 tàbí 2 nínú 100 nínú àwọn ọmọ tí ara wọn dá; àwọn tí iṣan tàbí ọpọlọ wọn kò pé ń ní jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọgbẹ́ tó ń rin omi kọjá ọjọ́ karùn-ún, ibà tó padà dé, ìrora tó ń pọ̀ dípò kó máa dín, ẹ gbé e padà wá sí ọsibítù. Bí omi tó ń jáde bá mọ́ gaara bí omi òjò tí orí sì ń fọ́ ọ tó bá jókòó, awọ mùdùnmúdùn ló ya. Kòkòrò kan tún wà tó ń lúgọ lára irin fún ọdún mélòó kan kí ó tó yọjú. Ẹ sọ fún yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n má da omi ọgbẹ́ tí wọ́n gbìn láti fi wá kòkòrò nù kó tó pé ọjọ́ 14.

Nílé, kò ní gún iyán, kò ní pọn omi, kò ní ru igi fún ọdún kan gbáko. Korobá omi kan jẹ́ kílò 20. Kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ju kílò 2 lọ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀kadà rárá. Irin kò ní gbé ẹ̀yìn títí láé. Eegun tí wọ́n gbìn lé e ló máa gbé e, tó bá so pọ̀. Tí kò bá so, irin á rẹ̀, á kán, nígbà púpọ̀ láàárín oṣù kẹfà sí ọdún kejì. Ọmọ á ní òun gbọ́ nǹkan tó dún pó nínú ẹ̀yìn, ìrora tó ti lọ á padà. X-ray ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, ọdún kan, ọdún méjì. Ẹ má fò ti ọdún kejì nítorí pé ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Físíò Ìkẹ̀rẹ́

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa jókòó ti àwọn òbí náà. Ọ̀nà ló kù: tí wọ́n bá ṣe é ní Ìbàdàn, báwo ni wọ́n á ṣe gbé e padà sí Ìkẹ̀rẹ́?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun

Kí wọ́n má bọ̀ kó tó lè dìde rìn fúnra rẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ sì gbẹ. Bọ́ọ̀sì tí àga rẹ̀ ṣeé dùbúlẹ̀ sí ni kí wọ́n háyà, kì í ṣe ti èrò. Ìrọ̀rí kan sábẹ́ orúnkún, kan sẹ́yìn. Kí dírẹ́bà dúró ní gbogbo wákàtí kan kí ọmọ lè rìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀. Oògùn ìrora, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbéra. Níbi tí kòtò bá wà, kí ó rọra lọ bí ẹni ń gbẹ́sẹ̀, bí ilẹ̀ tilẹ̀ máa ṣú. Ìwé abẹ àti fíìmù X-ray tó kẹ́yìn, kí wọ́n wà lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe nínú búùtù.